Káàdì Ọmọ àti Asẹ́ Omi: Ìtàn Ètò Ìlera Ìgbèríko Nílẹ̀ Yorùbá

Ìyá tó bá pọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ kì í fi káàdì sílẹ̀ nílé, torí ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì máa béèrè nìyẹn. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà, àti bó ṣe ń wúwo sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òyìnbó ló jókòó sí London tó ro irú káàdì bẹ́ẹ̀, tó wá fi ránṣẹ́ sí wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni iṣẹ́ tó gbé e jáde ti wáyé, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí òkè yí ká, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ogun Kírìjì.

Ọdún 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé tó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Èéyi, ikọ́ líle, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ló ń pa àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀. Kò sí èyí tí wọn kò mọ̀ nínú àrùn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn la sì lè tètè dá dúró. Ọ̀nà ló jìn. Kí ìyá tó fi oko sílẹ̀, kó tó rí ọkọ̀ wọ̀ dé Iléṣà, ọmọ ti ń mí gúlegúle. Morley rí i pé bí a bá kọ́ ilé ìwòsàn mẹ́wàá mìíràn sí ìgboro, àwọn ọmọ ìgbèríko kò ní yé kú. Ló bá gbé iṣẹ́ lọ bá wọn ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì dá kílíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Dókítà kò gbé ibẹ̀. Ó kàn ń yà wọ́n wò ni. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń wọn ọmọ, àwọn ló ń wo àìsàn, tí wọ́n ń fúnni lóògùn, tí wọ́n sì ń bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ ní èdè tó gbọ́. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá agbára wọn nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síwájú.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé kí káàdì máa bá ìyá lọ sílé. Nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú ìwé aláìsàn, ó sì máa ń sọnù. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ki káàdì sínú ọ̀rá, wọ́n fi lé ìyá lọ́wọ́, àwọn ìyá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa ju ọ́fíìsì lọ. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀ bí ojú ọ̀nà, oṣooṣù ni wọ́n ń fi àmì sí i bí ọmọ ṣe wúwo tó. Ìyá tí kò mọ̀wé kà rí i fúnra rẹ̀ bóyá àmì ń gòkè tàbí ó dúró sójú kan. Bí àmì bá dúró, wọn kò ní dúró dìgbà tí ọmọ bá rù kí wọ́n tó béèrè ohun tó ń jẹ.

Àyè kan tún wà lórí káàdì fún ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì: ìbejì, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọmọ tó kéré nígbà ìbí, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bíi mélòó kan ti kú. Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Nílé wa, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la ń sọ ní Málọmọ́ tàbí Dúróoríìkẹ́, tí a ń fi orúkọ bẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ kó dúró. Káàdì náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó má gbé ojú kúrò lára ọmọ yìí.

Èéyi ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Samuel Katz, dókítà Amẹ́ríkà tó ń bá John Enders ṣiṣẹ́ ní Boston, wá sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi tuntun wò. Ọdún 1963 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ti yọ̀ǹda ọmọ tiwọn ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí wọ́n mọ ohun tí èéyi ń ṣe. Ọmọ aráyé jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́ tí kò hàn tó nínú ìwé ìtàn.

Ṣé iṣẹ́ náà so èso? Ní 1966 sí 1967, dókítà Nicholas Cunningham fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí, aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀. Iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti Òkè-Ìmẹ̀sí. Ti àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Morley ti padà sí London, ó kọ̀wé, ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1965 tó ń ta ohun èlò ìkọ́ni ìlera ní ẹ̀dínwó. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, UNICEF ti ń polongo káàdì ìdàgbàsókè ọmọ káàkiri ayé.

Lọ́dún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn náà gbé ètò ìlera tirẹ̀ lọ sí Ìbàràpá, ó fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà síbẹ̀, sòbìà ni wọ́n bá. Aràn gígùn yìí máa ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tó mu omi tó ní kòkòrò rẹ̀, ó sì lè dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé ara gbogbo èèyàn ni sòbìà wà bí iṣan. Ta ni yóò sẹ́ omi nítorí ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn? Àwọn olùkọ́ni ìlera kò bá wọn jà. Wọ́n ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí wọ́n fọkàn tán, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́. Àwọn télọ̀ ìlú rán asẹ́ aṣọ tí a ń dè mọ́ ẹnu ìkòkò omi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sì ń tà á fún ará abúlé wọn. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ka àwọn tó ní sòbìà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 la rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa níwèé ẹ̀rí ní 2013.

Olíkóyè Ransome-Kuti ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ètò orílẹ̀-èdè nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985. Dókítà ọmọdé ni òun náà, ní Gbàjà ní Sùúrùlérè ló ti fi hàn pé nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ dáadáa lè wo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè ti 1988 gbé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Ìṣòro ọ̀nà jíjìn kò tíì tán. Ní Èkó, ojú omi ló sọ ìlú di jíjìn. Láti àwọn abúlé kan tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ọkọ̀ ojú omi la fi ń dé ilé ìwòsàn, òfin kò sì gbà kí ọkọ̀ máa rìn lóru. Aboyún tí ìrọbí mú lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú kò ní ẹlòmíràn ju ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lọ, àyàfi bí nọ́ọ̀sì bá ń sùn nílùú. Òfin Ìlera 2014 ní kí wọ́n ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ìlànà tí wọ́n fi ń ná owó náà sì ní kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù jókòó lórí bí wọn yóò ṣe ná an. Ìgbìmọ̀ yẹn, tó ní baálẹ̀, ìyálọ́jà àti ọ̀dọ́ nínú, ló yẹ kó máa béèrè ilé nọ́ọ̀sì kó tó béèrè ọ̀dà ara ògiri, kó sì ka iye ọmọbìnrin abúlé tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera lọ́dún yìí.