Ọ̀nà Ìkòròdú àti Àwọn Ọmọ Ogun Alájọṣe, 1860 sí 1865

Ọmọ kíláàsì mi kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-ìwé wa kò jìnnà sí ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Odógúnyán, ní Ìkòròdú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí a gbọ́ agogo ìsinmi. Mo bá ọmọ náà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣeré ogun. Òun àti ọba kan ti jọ ṣàdéhùn láti kọlu ìlú kan, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dé lásìkò. Òun nìkan ló kọlu odi, wọ́n sì ti pa ọmọ ogun rẹ̀ tán kí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yọ lókèèrè.

Ó ní, "Sà, kọ̀ǹpútà yìí ò gbọ́n."

Mo ní kí ó wo ojú fèrèsé, kí ó wo ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbà kọjá. Nítorí ọ̀nà tó gba Ìkòròdú lọ sí Rẹ́mọ àti Ìbàdàn, àwọn alájọṣe ti ṣe ohun tó ju ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù tí í ṣe Àrẹ̀mọ ní Aláàfin, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ ní 1860. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka eré Kurunmi tí Ọlá Rótìmí kọ ti mọ apá yìí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú-Òde dara pọ̀ mọ́ Ìjàyè. Bí ẹ bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sójú tábìlì, ẹ ó rò pé ó ti parí fún Ìbàdàn. Ìjàyè wà lókè, Ẹ̀gbá wà níwọ̀-oòrùn, Ìjẹ̀bú wà nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wá láti etí òkun sì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá kò wá nítorí ìfẹ́ Kúrunmí. Ẹ̀rù Ìbàdàn ló gbé wọn wá, wọ́n sì dá ibùdó tiwọn. Nígbà tí ìyàn mú, àwọn ará Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ wọn lé Ẹ̀gbá lọ́wọ́ nítorí oúnjẹ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì di ẹrú lọ́wọ́ ẹni tó wá gba òbí wọn sílẹ̀. Kúrunmí kú ní 1861. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà 1862, Ìjàyè tú.

Ihò mìíràn tún wà nínú àjọṣe náà, Ìkòròdú sì wà nídìí rẹ̀. Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lè wà pẹ̀lú Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó so ọ̀sà pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ni Ìkòròdú àti púpọ̀ nínú Rẹ́mọ fi ń jẹun. Bí ọ̀nà bá dí, ọjà wọn kú. Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1861 náà fẹ́ kí ọ̀nà là, nítorí epo àti òwú. Ogun bá ṣí wá sí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá dojú kọ ara wọn lágbègbè Ìpẹru títí di 1864. (Ṣàgámù tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kan kóra jọ síbẹ̀.)

Akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí pé báwo ni ọmọ ogun ìlú méjì ṣe ń jọ rìn láìsí tẹlifóònù. Ìkọ̀ ni, àti àrokò. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ ọ́n: owó ẹyọ mẹ́fà sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Àrokò dára fún èrò ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá yí ibùdó padà lẹ́yìn tí ìkọ̀ ti kúrò ńlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbé lọ́wọ́ ti di ti àná. Síbẹ̀, mi ò gbà pé jíjìnnà ló ba àjọṣe Ìjàyè jẹ́. Ẹ̀gbá àti Ìjàyè wà lójú ogun kan náà, wọ́n ń gbọ́ ìbọn ara wọn. Ohun tí kálukú ń wá ni kò jọ.

Nígbà tí Ìbàdàn padà sílé ní 1864, Ẹ̀gbá kọjú sí Ìkòròdú láti fìyà jẹ ẹ́, wọ́n sì dó tì í. Ìbàdàn jìnnà. Èkó ni ó wà ní òdìkejì ọ̀sà, Ìkòròdú sì ránṣẹ́ síbẹ̀. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, ní kí Ẹ̀gbá kúrò, wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1865, àwọn ọmọ ogun West India Regiment, tí wọ́n jẹ́ adúláwọ̀ bíi tiwa, àti àwọn ọlọ́pàá Haúsá tí Glover kó jọ, kọlu ibùdó Ẹ̀gbá pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí ibùdó náà fi tú.

Àjọṣe yìí yọrí sí rere, ẹ wò ó: olórí kan, omi kékeré láti sọdá, iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òwò ni Glover wá ṣí. Ẹ̀gbá kò gbàgbé. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1867, wọ́n kó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde, èyí tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Ìkòròdú ní tirẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó ní 1894.

Ọmọ náà gbọ́ tán, ó ní, "Sà, ta wá ni ọ̀rẹ́ Ìkòròdú nínú gbogbo wọn?" Mo ní kí ó lọ kọ ìdáhùn rẹ̀ wá. Ó kọ ojú-ìwé méjì, ó sì to Glover mọ́ àwọn ọ̀tá. Mo fún un ní máàkì 18 nínú 20.