Kí Owó Tó Dé Ọwọ́ Olórin

Bí a bá ní kí á ra ọjà lọ́wọ́ olórin lójú agbo, àwọn kan nínú wa á rò pé àṣà òkèèrè ni. Kì í ṣe ohun tuntun ládùúgbò wa. Láti Ara, Òṣogbo kò jìnnà. Ibẹ̀ ni Oroki Social Club wà, ẹgbẹ́ tí Haruna Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún ní 1971.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà méjì ni owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ olórin. Àkọ́kọ́ ni nínáwó: ó kì ọ́, orí rẹ wú, o dìde, o lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Òun àtàwọn onílù rẹ̀ ló ń pín in lóru ọjọ́ náà. Ìkejì ni rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló ń kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọdún 1969 fi ṣe pàtàkì lójú wa: Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn.

Lónìí, fóònù la fi ń gbọ́ orin. Àwọn ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣeré fún wa ń ta ṣẹ́ẹ̀tì àti fìlà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka nínáwó lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ a ò jáwọ́ (ọmọ Yorùbá ṣáà ni wá). Ẹni tó ná ₦5,000 lójú èrò, òun náà ló ń yọwó ṣẹ́ẹ̀tì ₦4,000 bí ẹni ra iṣu lọ́jà.