Juan de la Cierva àti Oríkèé Ìyẹ́ Hẹlikọ́pítà

Ẹni tí ó bá rí hẹlikọ́pítà tí ó dúró sójú kan lójú sánmà lè rò pé inú ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí ìyẹ́ tí ń yí lókè rẹ̀ ni ìṣòro ńlá wà, ọmọ ilẹ̀ Spéìn kan, Juan de la Cierva, ni ó sì yanjú rẹ̀.

Ní ọdún 1919, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta kan tí Cierva ṣe já lulẹ̀ nítorí pé eré rẹ̀ dínkù jù lókè. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá ìyẹ́ tí yóò máa sáré bí ọkọ̀ tilẹ̀ rọra ń lọ. Ó gbé ìyẹ́ lé orí ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ máa yí i, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fa ọkọ̀ síwájú. Autogiro ni ó pè é. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó kàn kò fò bí ó ti yẹ. Ṣe ni wọ́n ń dojú dé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ṣóńṣó ìyẹ́ bá ń yí ní eré 200 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ sì ń lọ síwájú ní 50, ìyẹ́ tí ń bọ̀ síwájú yóò pàdé afẹ́fẹ́ ní 250, èyí tí ń padà sẹ́yìn yóò pàdé rẹ̀ ní 150 péré. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí ń gbé ìyẹ́ sókè a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, agbára ṣóńṣó kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Báwo ni ọkọ̀ kò ṣe ní dojú dé?

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọkọ̀ kékeré tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ ń fò dáadáa. Igi tí ń tẹ̀ bí pàǹkẹ́rẹ́ ni ìyẹ́ tirẹ̀. Ti ọkọ̀ ńlá ni ó le gbagidi. Èyí la Cierva lójú. Ó fi oríkèé sí ìdí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí èyí tí ó so apá mọ́ èjìká. Ìyẹ́ tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù a gbéra sókè. Bí ó ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbá a lábẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, agbára rẹ̀ a sì dínkù. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré a rọ̀ sísàlẹ̀, tirẹ̀ a sì lé sí i. Awakọ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1923, ọkọ̀ kẹrin, C.4, fò ní Getafe lẹ́bàá Madrid. Ní 1928, Cierva fi òmíràn kọjá òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ilẹ̀ Faransé. Ó kú nínú ìjàǹbá bàálù èrò ní Croydon ní oṣù Kejìlá 1936, kò sì rí VS-300 tí Igor Sikorsky gbé sókè ní Amẹ́ríkà ní 1939. Àwọn kan a máa pìtàn hẹlikọ́pítà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Sikorsky ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí kò tọ́. Púpọ̀ nínú hẹlikọ́pítà ni ó ṣì ń lo oríkèé yìí. Àwọn tí kò sì ní i, a ṣe ìyẹ́ wọn kí ó lè máa tẹ̀.