Etí Ọmọ Èkìtì àti Gẹ̀ẹ́sì Ìdánwò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi pe ọ̀rọ̀ méjì yìí sókè: “sit” àti “seat”. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n létí yín? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dààmú, ẹ pọ̀ níbẹ̀. Èmi fúnra mi, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù fóò, ní nǹkan bí 1978.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Ó gbà pé ẹnu Èkìtì ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. “Ulé, ulé, ulé! Ẹni tí kò lè pe ‘ilé’ dáadáa, báwo ló ṣe fẹ́ pe èdè Òyìnbó?” Ẹni tó bá sọ èdè ìlú wa nínú ọgbà sùkúù, kọ́bọ̀ márùn-ún ni owó ìtanràn rẹ̀. Mo san púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé kọ́bọ̀ márùn-ún nígbà náà kì í ṣe owó yẹpẹrẹ lápò ọmọ sùkúù.

Ìbẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Kí wọ́n tó dá WAEC sílẹ̀ ní 1952, Cambridge ló ń fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́ láti òkè òkun. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà, bó tilẹ̀ mọ ìṣirò bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Nígbà tí JAMB náà dé ní 1978, Gẹ̀ẹ́sì tún di dandan fún ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Ìsẹ̀. Orí rẹ̀ pé sí ìṣirò àti bàọ́lọ́jì, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó fún ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Gẹ̀ẹ́sì gbé F9 lé e lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ta kòkó títí, owó fọ́ọ̀mù kò tó mọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, òun ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Ti àyọkà kíkà ṣì sàn díẹ̀, ojú lásán lèèyàn fi ń jà á. Ti etí ló ya mí lẹ́nu jù. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí WAEC fi sílẹ̀ fún WASSCE pín pépà kẹta Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà méjì. Àwọn ọmọ Gánà, Sàró àti Gáńbíà yóò fetí gbọ́ ohùn, wọn yóò sì dáhùn ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Làìbéríà, orí ìwé ni tiwọn: wọ́n á wo ọ̀rọ̀ tí a fàlà sí nídìí, wọ́n á wá èyí tí ìró rẹ̀ bá a mu. Àní ìdánwò etí, ojú la fi ń ṣe é! Ó dà bí ẹni tí a ní kó tọ́ ọbẹ̀ wò, tí a wá gbé àwòrán ọbẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún kí n tó gbọ́ èyí tó dùn mí jù lẹ́nu olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa èdè. Yorùbá àjùmọ̀lò ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní mẹ́sàn-án. “I” méjì ló wà lẹ́nu wa, “u” méjì náà ló wà. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹ pe “ulé”, kí ẹ tún pe “uyán” tí à ń jẹ. “U” ti ìkejì dẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí “a” tó tẹ̀ lé e ló fà á mọ́ra. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a bá a lẹ́nu ìyá wa ni. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín “fool” àti “full”, àti láàárín “seat” àti “sit”!

Mi ò sọ pé Èkìtì á kàn jókòó kí Gẹ̀ẹ́sì wọlé tọ̀ ọ́ o. A kò ní “v”, a kò ní “z”, ìró “th” sì ń fi ahọ́n wa ṣeré títí dòní. Ṣùgbọ́n àkàbà kan wà nílé, tíṣà wa sì ń gbowó ìtanràn lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti dán irú èyí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń múra WAEC, ó ń fi bírò mú ìró lórí ìwé. Mo ní kó pe “ulé” àti “uyán” fún mi. Ó pè wọ́n. Mo ní kó pe “fool” àti “full”. Ó rò ó wò, ó pè wọ́n, ó sì wò mí bí ẹni tí a fi owó hàn nínú àpò ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Kọ́bọ̀ márùn-ún-márùn-ún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ nígbà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n á dá a padà?”