Owó Tó Kọjá Bọ́dà: Láti Apapa Dé Etíkun Lomé

Gbogbo ìgbà tí ọdún bá ti ń parí ni ìbéèrè kan náà máa ń kún orí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ ṣe fàájì létí òkun ní Kútọnu àti Lomé. Èló ni ká mú dání? Ṣé kò séwu?" Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Apapa. Láti 1951 ni ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Aureol ti ń gbé èrò láàárín Liverpool àti Èkó, Freetown sì wà lára ibi tó máa ń yà. Lọ́dún wọ̀nyẹn, ẹni tó wọkọ̀ ní Apapa kò nílò láti ṣẹ́ owó kó tó ná an ní Freetown. Ṣílè kan náà ni, torí West African Currency Board, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, ló ń pèsè owó fún Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gambia. Ṣùgbọ́n Kútọnu tó wà nítòsí wa níbí, àti Lomé, abẹ́ Faransé ni wọ́n wà. Láti 1945 ni wọ́n ti ń ná sefa.

Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀ ní 1958, àwa náà tẹ̀lé e ní 1959. Ní 1973, pọ́n-ùn lọ, náírà dé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Ajegunle ni ìyá ìyá mi ń gbé, Kútọnu ló sì ti ń ra aṣọ wá tà. Ní oṣù Kẹrin 1984, ìjọba ológun Buhari ti bọ́dà pa, wọ́n sì yí àwọ̀ owó náírà padà. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún aráàlú láti kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì. Náírà tí Màmá fi sọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu kò ríbi wọlé. Ó di bébà lásán. Wọ́n ní odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí bọ́dà ṣí ní 1986, Màmá pinnu pé sefa lòun á máa fi owó pamọ́ sí, torí owó Faransé ni wọ́n so ó mọ́. Ní oṣù Kìíní 1994, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, sefa ti di ìdajì: faransi kan tó jẹ́ sefa 50 ti di sefa 100. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Àwa ọmọ ìsinsìnyí náà sì rí tiwa ní 2023, nígbà tí a ní owó ní báńkì tí a kò rí owó wọkọ̀ láti Boundary dé Mile 2.

Èmi náà jìyà tèmi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ Lomé, ọwọ́ ọkùnrin kan tó sáré pàdé ọkọ̀ wa ní bọ́dà ni mo ti ṣẹ́ gbogbo owó mi. Ó kà á lójú mi kedere. Nígbà tí mo tún un kà nínú ọkọ̀, ó ti dín.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Mile 2, ẹ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sefa lórí fóònù yín. Sefa kan náà ni Kútọnu àti Lomé ń ná, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ tún un ṣẹ́ lọ́nà. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba, kẹ́ ẹ fúnra yín kà á kí onítọ̀hún tó lọ. Ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀.

Òkun ńkọ́? Ní 1904, àwọn ará Jámánì kọ́ afárá gígùn wọnú òkun ní Lomé, torí ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá súnmọ́ etíkun. Òkun yẹn náà lẹ fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ o. Ẹ bi àwọn apẹja. Níbi tí ọmọ onílùú kò bá ti wọ omi, ẹ jókòó sórí iyanrìn, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ fóònù àti àpò.

Màmá ti lọ sinmi báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ń di ẹrù ni mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Owó ìpadà àti owó fàájì kì í sùn nínú àpò kan náà." Ẹ ya owó ìpadà yín sọ́tọ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re. Ó dìgbà kan ná.