Ọkọ̀ Peugeot àtijọ́ ní Pobè àti Sakété: títọpa ìtàn rẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀ lásìkò òjò àti ọyẹ́

Ọkọ̀ àtijọ́ tí a ń sọ níhìn-ín ni Peugeot 403, 404 àti 504, àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́, Sakété, Pobè àti Kétu kí àlòkù láti ilẹ̀ Òyìnbó tó gba ìgboro. Díẹ̀ nínú wọn ló ṣì ń rìn. Èyí tó pọ̀ jù wà lẹ́yìnkùlé, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú wọn. Àwọn tó ń ra irin ń kiri láti ilé dé ilé, kílò ni wọ́n sì fi ń díye lé e. Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ lọ, ìwé inú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára àti ohun tí ìdílé mọ̀ nípa rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìlànà yìí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùwádìí.

Àwọn ọkọ̀ náà

Peugeot 403 jáde ní 1955. Èyí tó tẹ̀lé e, 404, jáde ní 1960, ọdún kan náà tí Dahomey gba òmìnira. Ní 1968 ni 504 dé. Ẹ́ńjìnì 404 tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 1,618 cc, alumíníọ̀mù sì ni orí rẹ̀. 404 fi agbára rẹ̀ hàn lójú ọ̀nà ilẹ̀ Áfíríkà: ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968.

Èyí tí àwọn ará wa mọ̀ jù lọ ni bâchée, 404 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n wá fi tapólì bò. Ó jáde ní 1967. Àwọn èrò á jókòó lórí bẹ́ǹṣì méjì tó dojú kọra, ẹrù á wà lókè. Ojú irin láti Àjàṣẹ́ ti dé Sakété àti Pobè kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ rélùwéè kì í wọ abúlé. Bâchée ló ń wọ ibi tí epo pupa, gàrí àti àgbàdo ti ń jáde. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí lórí igi ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn òwò epo kò lè fo àwọn ọkọ̀ yìí.

Bí a ṣe ń tọpa ìtàn ọkọ̀

Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì. Páálí irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ irú ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Nọ́ńbà náà tún wà lára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ọkọ̀ méjì ṣe ọ̀kan. Kí àkọsílẹ̀ yín sọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ L'Aventure Peugeot, tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Sochaux láti 1988, máa ń fi nọ́ńbà yìí wá ọdún tí ọkọ̀ jáde, wọ́n sì máa ń fún ẹni tó ni ín ní ìwé ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé. Carte grise tó bá ní orúkọ Dahomey lórí ti wà ṣáájú 30 Oṣù Kọkànlá 1975, ọjọ́ tí orúkọ orílẹ̀-èdè yí padà, àyàfi bí ọ́fíìsì bá ṣì ń lo fọ́ọ̀mù àtijọ́ tán. Èyí tó bá kọ République Populaire du Bénin jẹ́ ti àárín ìgbà náà sí 1990. Òfin oṣù kìíní 1999 ló yọ Plateau kúrò lára Ouémé. Bí àdírẹ́sì bá ti kọ Plateau, ìwé náà kì í ṣe ìwé àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ 1970. Ẹ wá èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ má ju ìwé asúràǹsì àti rìsíìtì kọ́sítọ́ọ̀mù nù.

Ẹ wo ìhà tí volant wà, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sítíárìn. Ọwọ́ òsì ojú títì ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà títí di 2 Oṣù Kẹrin 1972. Bí volant bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ àwọn ará wa lódìkejì bodè wá kí ọdún náà tó dé. Bákan náà, láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot ní Kàdúná, nítorí náà kì í ṣe gbogbo 504 ló ti ilẹ̀ Faransé wá.

Paríparí rẹ̀ ni ẹnu àwọn àgbà. Awakọ̀ nìkan kọ́ ni kí ẹ bi. Apprenti tó ń kó ẹrù mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìyá ọlọ́jà mọ iye owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà. Mẹkáníìkì mọ ohun tí wọ́n pààrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí ọdún, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá a: “Bàbá, ṣé ẹ ti ra ọkọ̀ yìí kí Kérékou tó gbàjọba?” Ìyẹn 26 Oṣù Kẹwàá 1972. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì 1990 àti ìgbà tí owó CFA já wálẹ̀ ní oṣù kìíní 1994 náà wúlò. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni faranki ilẹ̀ Faransé kan kúrò ní 50 CFA, tó di 100 CFA. Ẹni tó bá dárúkọ iye tó ra ọkọ̀, ẹ bi í bóyá ṣáájú ìgbà yẹn ni.

Orúkọ ìdílé, àdúrà tàbí òwe tí wọ́n kùn sí ara ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀dà tuntun bò ó. Irin jẹ́ ti Ògún: bí ẹ bá rí àmì ẹbọ tàbí ohun tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ìjókòó, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìdílé.

Ìtọ́jú lásìkò ọyẹ́

Ìwé àwọn Òyìnbó máa ń sọ̀rọ̀ nípa yìnyín àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì. Tiwa ni eruku pupa àti òjò. Láti oṣù Kejìlá sí Kejì ni ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku, nítorí yóò họ ọ̀dà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i. Ẹ máa tú fílítà afẹ́fẹ́ fọ̀ léraléra. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn àti táyà máa ń sán lásìkò yìí. Ẹ fi ọkọ̀ sábẹ́ òjìji, kí ẹ sì gbé e sókè lórí igi líle bí kò bá ní rìn. Ẹ má fi epo pupa pa rọ́bà: ó máa ń jẹ ẹ́, ó sì ń kó eruku jọ.

Ìtọ́jú lásìkò òjò

Ìpatà ni ọ̀tá ńlá. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú tí a ń rí. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí ẹ sì la àwọn ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè jáde. Ọkọ̀ tó bá ti gba ilẹ̀ dúdú Ohori kọjá, kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí amọ̀ náà máa ń mú omi dání. Ẹ má fi ọ̀rá wé ọkọ̀ pinpin. Òógùn rẹ̀ yóò jẹ irin. Òrùlé páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá dára jù.

Epo àti omi

Epo bẹntiróòlù kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò máa ń ní ìdọ̀tí àti omi nígbà mìíràn. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yóò bá dúró fún oṣù mélòó kan, ẹ ti ẹnu epo, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì jó èyí tó kù nínú kábùrétọ̀ tán, torí epo tó bá pẹ́ níbẹ̀ yóò dì bí oje igi. Ẹ má fi omi kànga nìkan sínú rédíétọ̀. Omi ìtutù tó ní oògùn ìpatà ni kí ẹ lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín kì í bọ́ níbí: òun ló ń dáàbò bo orí ẹ́ńjìnì.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀

Nọ́ńbà ọkọ̀, ọdún rẹ̀, fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, inú àti orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀dà gbogbo ìwé, orúkọ àwọn tó ti ni ín tẹ̀léra, ọ̀nà tó ń ná àti ẹrù tó ń kó, ohun tí wọ́n ti pààrọ̀, ẹni tó sọ ìtàn àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ ya ohun tí ìwé sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹnu sọ. Bí ìdílé bá tilẹ̀ ti pinnu láti ta ọkọ̀ fún àwọn oní-irin, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sán kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó tó láti kọ gbogbo èyí sílẹ̀.