Ẹsẹ̀ Òsì Ló Wú, Kì í Ṣe Ẹjọ́ Orogún

Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣàdédé wú ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ó ti tẹ nǹkan!" Bó bá wá jẹ́ abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, orogún gbé nìyẹn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ ná. Ìgbà mìíràn wà tí inú ara gan-an ni ọ̀tá wà.

Ní 1851, Rudolf Virchow, dọ́kítà ará Jámánì, ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú iṣan ẹsẹ̀ òsì ju ti ọ̀tún lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ òsì? Ó ní nísàlẹ̀ ikùn, iṣan líle tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọjá lórí iṣan rírọ̀ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ òsì padà sínú ọkàn. Eegun ẹ̀yìn ń bẹ lábẹ́, iṣan líle ń bẹ lókè, ni iṣan rírọ̀ bá há sáàárín bí èrò mọ́lúè ayé ọjọ́sí.

Ó di 1957 kí May àti Thurner, dọ́kítà méjì ní Innsbruck, ilẹ̀ Austria, tó yẹ òkú 430 wò. Nínú 22 lára ọgọ́rùn-ún, wọ́n bá ohun kan tó hù sínú iṣan náà, tó dínà ẹ̀jẹ̀, nítorí iṣan òkè ń lù ú tọ̀sán tòru. Ni wọ́n bá fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àìsàn náà. Ní 1965, Cockett àti Thomas ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lórí àwọn alààyè tó ń bá a yí.

Ọ̀pọ̀ ló ní in tí kò mọ̀ títí ó fi kú. Àwọn obìnrin ló sì ń yọ lẹ́nu jù, pàápàá nígbà oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ.

Ìtọ́jú ńkọ́? Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà. Warfarin jẹ́ ọ̀kan: májèlé eku ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà ní 1948, kó tó di oògùn èèyàn ní 1954! Láti bí ọdún 1990 sí i, àwọn dọ́kítà ti ń ki túùbù kékeré tí a fi wáyà hun bọ inú iṣan náà, kó má baà pa dé mọ́. Aláìsàn á máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún mọ́ ẹsẹ̀, kò ní jókòó pẹ́ sójú kan, á sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè bó bá ń sinmi.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé o: ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já kúrò lẹ́sẹ̀, kó gba inú ọkàn lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn lójijì. Kí ẹ tó parí gbẹ́rẹ́ sínsín àti ẹsẹ̀ wíwọ́, ó lè ti bọ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá ṣàdédé wú, tó ń dunni, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí orogún sinmi.